Iná Strasbourg: Ẹ̀dà Ìwé Kì Í Sùn Níbi Tí Ìwé Sùn

Ìtàn tòní, ilẹ̀ Faransé ló ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Gbogbo ohun tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ló ń gbé o, kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní server ni wọ́n tò jọ síbẹ̀, bí a ṣe ń to ọjà sórí pẹpẹ. Ilé-iṣẹ́ OVHcloud, tí Octave Klaba dá sílẹ̀ ní 1999, ní irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ní Strasbourg lọ́dún 2021, létí odò Rhine, níbi tí Faransé àti Jámánì ti pààlà.

Lóru 10 oṣù Kẹta 2021, lẹ́yìn aago méjìlá, iná sọ nínú ilé kejì, alájà márùn-ún. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún panápaná ló wá, ọkọ̀ ojú omi tiẹ̀ ń fa omi odò bù ú. Síbẹ̀ ilé yẹn jó kanlẹ̀, yàrá mẹ́rin nínú méjìlá ilé kìíní sì bá a lọ. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó farapa. Àmọ́ ìkànnì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló kú pì.

Wọ́n wá ń wádìí. Klaba fúnra rẹ̀ sọ pé kámẹ́rà panápaná fi UPS méjì hàn tó ń jó, àti pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀kan nínú wọn ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni. Àwọn olùwádìí ìjọba gbé ìwé tiwọn jáde ní 2022: yàrá bátìrì àti UPS ni iná ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè paná fúnra rẹ̀, iná mànàmáná ò tètè ṣeé gé, ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń tu àwọn kọ̀ǹpútà lára ló sì tún ń fẹ́ iná náà.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Oníbàárà kan, Bati Courtage, ti sanwó kí wọ́n máa bá òun tọ́jú ẹ̀dà ìwé òun síbi ọ̀tọ̀. Ilé kan náà ni wọ́n kó o sí! Ní 2023, ilé ẹjọ́ ní Lille ní kí OVH san nǹkan bí 100,000 euro. Owó lè dé, àmọ́ ìwé tó jóná ò lè padà.

Ẹ wo Sábọ̀n Gàrí Kánò ní 2016, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù jóná. Ní ilẹ̀ àjèjì tí a wà yìí, ìwé gbèsè ni ẹlẹ́rìí wa. Tó bá jóná, ta ló máa jẹ́wọ́ pé òun jẹ yín? Ẹlòmíì á ní, “Mo ti yà á ní fọ́tò.” Ó dáa, àmọ́ tí fóònù ọ̀hún bá ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀dà kan nílé, fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tàbí àbúrò yín ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì máa yọjú wò ó bóyá ó ṣeé kà. Bátìrì ínfátà náà, ẹ má gbé e sítòsí aṣọ àti páálí.

Ọjà á tà.