Old Number One: Bentley Tó Borí Lẹ́ẹ̀mejì ní Le Mans

Ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ gíga ní London jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ín ti bá ilé-iṣẹ́ kan ná an, wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé fún àwọn kì í ṣe Old Number One gan-an.

W. O. Bentley ló dá ilé-iṣẹ́ tó rọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní 1919. Cricklewood, ní àríwá London, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àìlówó ń bá wọn fínra títí Woolf Barnato fi wọlé ní 1926. Barney Barnato, tó di ọlọ́rọ̀ nídìí dáyámọ́ǹdì ní Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà, ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Woolf kì í ṣe ẹni tó kàn kówó sílẹ̀, tó wá lọ jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló díje ní Le Mans, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì borí.

Wákàtí 24 gbáko ni wọ́n fi ń sáré yẹn ní ilẹ̀ Faransé, tọ̀sán-tòru, nígbà náà, awakọ̀ méjì a máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ọkọ̀ tó yára tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lè fara dà á, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ilẹ̀ yóò mọ́ ọn sí. Ní Oṣù Kẹfà 1929, Barnato àti Tim Birkin fi Old Number One, Speed Six onílítà 6.5, gba ipò kìíní. Bentley mẹ́ta mìíràn ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún kejì, Rudolf Caracciola gbé Mercedes wá kò wọ́n lójú. Òru ni ọkọ̀ tirẹ̀ dákú. Barnato àti Glen Kidston tún borí. Kò sí ọkọ̀ tó borí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú rẹ̀.

Ní 1931 Bentley wọ gbèsè, Rolls-Royce sì rà á. Ọkọ̀ náà kò sinmi: lọ́dún náà, Jack Dunfee àti Cyril Paul fi borí nínú eré máìlì 500 ní pápá ìsáré Brooklands ní England. Ní 1932, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì onílítà 8 sínú rẹ̀. Clive, arákùnrin Jack, ló ń wà á nínú eré kan náà ní Oṣù Kẹsàn-án nígbà tó ré kọjá etí òkè ọ̀nà tí wọ́n mọ ga síbẹ̀. Clive kú. Wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe fún Barnato, wọ́n kan òrùlé sí i kó lè máa gùn ún nígboro. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ.

Nínú ẹjọ́ 1990 yẹn, Adájọ́ Otton yẹ ọkọ̀ náà wò fínnífínní. Nínú ti 1929, bóyá ni nǹkan kan ṣẹ́ kù. Nínú ti 1930, ilé gíà, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ àti irin tó gbé ìtẹ̀ ẹsẹ̀ dúró ló kù. Síbẹ̀, ó ní Old Number One tòótọ́ ni, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà, ìtàn rẹ̀ kò já rí. Ó dá ẹni tó tà á láre.

Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn pátápátá. Agbo ilé tí wọ́n ti ṣí koríko orí rẹ̀, tí wọ́n fi páànù bò ó, tí wọ́n tún fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò ògiri amọ̀, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó ni a ṣì ń pè é. Àmọ́ ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì ti 1932 ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù, ìyẹn ti ọkọ̀ tí Clive wà lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ Barnato, Birkin àti Kidston mọ́ ọkọ̀ yìí, ó tọ́ kí wọ́n ka ti Clive Dunfee mọ́ ọn.