Láti Ìbọn Kírìjì dé Ìbọn Ọdẹ Ìkọ̀lé

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ọba mẹ́ta ń bọ̀ láti ìpàdé kan ní Ìrèlè-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Nígbà tí wọ́n dé agbègbè Òkè-Akò, àwọn agbébọn yọ sí wọn láti inú igbó. Wọ́n yìnbọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sun ti Ẹ̀sun. Orí ni ó kó Alára ti Ará-Èkìtì yọ. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó gbọ́ ìròyìn náà, tí ẹnu sì ya aráyé, nítorí pé pípa ọba lójú ọ̀nà kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́ lójoojúmọ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ igbó tí ó wà láàrin Ìkọ̀lé àti ààlà Kogí àti Kwárà tó àwọn ọdẹ ibẹ̀. Wọ́n mọ ojú odò, wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀, wọ́n mọ ibi tí èéfín ti lè rú láìsí oko nítòsí. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni ó wà ní èjìká ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí àwọn ajínigbé tí a ń sọ pé kí wọ́n lépa ń gbé AK-47 kiri. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí a fi ojú ìtàn wò. Ìbọn tí àwọn jagunjagun Èkìtì ti rí i pé ó ti di ti àná ní nǹkan bí ọdún 1880, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé òun náà ni ó ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ wọn lẹ́yìn ogóje ọdún ó lé?

Ẹni tí kò bá tíì rí i bí wọ́n ṣe ń ki ṣakabùlà kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà wúwo tó. Ọdẹ yóò kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá kì í dé ìdí, yóò fi ìhá tàbí àkísà dí i kí ó má baà tú. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá da ọta sí i, yálà òjé ni o tàbí ègé irin, yóò sì tún dí i lẹ́ẹ̀kejì. Yóò wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ìbọn, níbi tí òkúta kékeré tí a dè mọ́ irin yóò ti ta iná sí i. Bí ó bá fa okùnfà rẹ̀, iná yóò kọ́kọ́ kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, kí ìbọn tó dún. Bí òjò bá tu ẹ̀tù lára, kò ní dún rárá. Bí ó bá sì dún, èéfín yóò bo ọdẹ mọ́lẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nínú igbó, ẹranko àti ènìyàn, yóò sì mọ ibi tí ó dúró sí. Akínkanjú tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè yìn ín bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Bí ohun tí ó ń wò bá ti kọjá yáàdì 100, àdúrà ló kù.

Síbẹ̀, ìbọn yìí ti ṣe bẹbẹ nígbà tirẹ̀. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1821, àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń bá àwọn òyìnbó etíkun ṣòwò ni wọ́n ní in lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni ìró ìbọn sì kọ́kọ́ di ohun ńlá nínú ogun àárín ilẹ̀ Yorùbá. Àdá gígùn tí wọ́n ń pè ní agẹdẹǹgbẹ́ ni àwọn ará Òwu gbójú lé. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí kò sí ológun tí ó lè lọ sójú ogun láìní ìbọn. Ìbàdàn ló lò ó jù, tí agbára rẹ̀ fi dé Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Àkókó, tí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sì ń jókòó ní ìlú olóyè àti ti aláìlóyè.

Ìwà àwọn àjẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ni ó mú kí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fa idà yọ ní ọdún 1878. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, wọ́n di Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn kọ́kọ́ borí wọn àti àwọn alájọṣe wọn ní ogun Jálumi, lẹ́bàá Ìkìrun, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Bí a bá fi ojú ọgbọ́n orí wò ó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ìbàdàn ní ọmọ ogun púpọ̀, ó ní ìrírí, ìbọn kan náà ni ìhà méjèèjì sì ń yìn.

Àwọn tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà ń gbé Èkó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ dé Sàró tàbí Bùràsíìlì kí wọ́n tó padà wálé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ń pàdé ní ilé Philip José Meffre, babaláwo kan tí ó ti Bùràsíìlì dé. Àwọn ni wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n ra ìbọn tuntun, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé gba ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ti là ní ọdún 1872. Ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì, nítorí kò gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú kọjá.

Snider ni orúkọ ìbọn náà. Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà kan, ni ó ronú bí a ṣe lè gé ìdí ìbọn ológun àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i. Ní ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1871, wọ́n ti rí èyí tí ó dára jù ú lọ, ni ti àná bá di ohun títà. Bí ọ̀rọ̀ ìbọn ṣe máa ń rí nìyẹn: ohun tí ológun Yúróòpù bá bọ́ sílẹ̀ ni yóò di ọ̀ṣọ́ tuntun lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀ṣọ́ tuntun ni ó sì jẹ́ nítòótọ́. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ki ìbọn láti ẹnu wá rí èyí tí a ń ki láti ìdí. Kò sí ọ̀pá, kò sí ìhá, kò sí ẹ̀tù tí òjò lè tu. Inú kátíríìjì kan ṣoṣo ni ẹ̀tù, ọta àti iná jọ wà. Yóò ṣí ìlẹ̀kùn ìdí ìbọn, yóò ti kátíríìjì sí i, yóò pa á dé, yóò yìn ín. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín nígbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Ó lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpáta kí ó máa ki í, nígbà tí onísakabùlà gbọ́dọ̀ dìde dúró kí ojú gbogbo ayé tó rí i. Wọ́n tún gbẹ́ ìlà sínú ihò rẹ̀, ìlà tí ó lọ́ po bí ìgbín, tí ó ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọta yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọta rẹ̀ lè pa ènìyàn ní ibi tí ó jìnnà tó yáàdì 500.

Ojú òkè ni ogun náà wà, láàrin Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Àwọn Èkìtìparapọ̀ dó sí ìhà kan, Ìbàdàn dó sí ìhà kejì, ìwọ̀n rìn díẹ̀ ló wà láàrin àgọ́ méjèèjì. Ọgbọ́n ogun tí Ìbàdàn mọ̀ ni kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀tá yìnbọn tán, kí wọ́n sáré wọ inú èéfín kí ó tó tún ki òmíràn. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí àlàfo tí wọ́n lè sáré wọ̀. Ọta sì ń bá wọn ní ibi tí wọ́n rò pé ìbọn kankan kò lè dé. Ìró ìbọn tí ó ń bú láàrin àwọn òkè wọ̀nyẹn, tí òkè sì ń dá a padà, ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Ìbàdàn náà wá Snider kiri, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà mọ́ wọn. Èyí tí ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kò tó, kò sì tètè dé. Ààrẹ Látòósà, tí ó ti rò pé òun yóò parí ogun náà kíá, kú sí àgọ́ ní ọdún 1885 láìrí òpin rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ti ṣe wàhálà alárinà, wọ́n kéde àlàáfíà, wọ́n sì fi iná sun àgọ́ méjèèjì. Èkìtì kò pa Ìbàdàn run, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò tún lè fi àjẹ́lẹ̀ jẹ lé wọn lórí mọ́.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń yin Snider kì í sábàá sọ. Alágbẹ̀dẹ ilé kò lè rọ ọta rẹ̀. Ìlú Ìrè-Èkìtì, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ lónìí, ni ìlú Ògún Onírè, níbẹ̀ ni ìtàn ti sọ pé Ògún wọlẹ̀. Kò sí ọdẹ tí yóò gba ìbọn tuntun tí kò ní fi obì, epo àti ẹmu bọ Ògún kí ó tó yìn ín. Bí ṣakabùlà bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ yóò tún un ṣe. Bí òjé bá tán, ọdẹ yóò wá irin mìíràn. Ṣùgbọ́n bí kátíríìjì bá tán, Snider di igi lásán, Èkó sì ni kátíríìjì ń gbé. Ẹni tí ó bá di ojú ọ̀nà mú ni ó di ìbọn mú.

Àwọn aláwọ̀ funfun mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn pàdé ní Brussels láti fòpin sí òwò ẹrú, wọ́n sì fi òfin kan kún un pé a kò gbọdọ̀ kó ìbọn tí ó ní ìlà nínú, tàbí èyí tí a ń ki láti ìdí, wọ ọ̀pọ̀ jùlọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn olókúta, tí kò ní ìlà nínú, ni wọ́n yọ̀ǹda. Wọ́n sọ pé nítorí òwò ẹrú ni, ó sì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim lọ sí Ìmágbọ̀n, wọ́n sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter rìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká pẹ̀lú ọmọ ogun rẹ̀, àdéhùn ni ó ń bá wọn ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ṣakabùlà, tí Kírìjì ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ṣe padà sí ẹnu iṣẹ́. Birmingham ń rọ ọ́ fún ọjà Áfíríkà títí wọ ọ̀rúndún ogún, àwọn alágbẹ̀dẹ ilé náà kò sì gbẹ́yìn.

A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn náà ní apá kan. Lẹ́yìn tí ogun parí, ìbọn kò parí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ògèdèǹgbé, balógun Èkìtìparapọ̀, di ẹni tí ń fi ìkógun jẹun, àwọn ìlú tí wọ́n jà fún gan-an ni wọ́n sì ń jẹ níyà. Ní ọdún 1894 ni Captain Bower mú Ògèdèǹgbé, tí ó sì gbé e lọ sí Ìwó. Ẹni tí ó bá ń bèèrè pé kí a kó ìbọn ńlá fún gbogbo ọdẹ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú: ta ni yóò gbà á padà ní ọjọ́ tí igbó bá tòrò?

Òfin ìbọn Nàìjíríà tí a ń lò títí dòní, ti ọdún 1959 ni, ọdún kan kí òmìnira tó dé. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìléwọ́ wà nínú àkọ́kọ́, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè yọ̀ǹda wọn. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé wà nínú èkejì, ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn olókúta ni wọ́n tò sínú ẹ̀kẹta, fún mẹ̀kúnnù. Ẹni tí ó bá gbé òfin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Brussels yóò rí i pé ìbọn kan náà ni a ṣì ń yọ̀ǹda fún ọmọ Áfíríkà.

Ó wá ku ọdẹ tí ó rí ìwé àṣẹ gbà, tí ó ra ìbọn ọlọ́ta kátíríìjì. Ẹ̀yìn ìlú ni yóò gbé e lọ, yóò sàmì sí ara igi, yóò sì dán an wò. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣàkíyèsí ni pé kò ga tó ti baba rẹ̀. Èkejì, kò sí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Bí ọwọ́ bá ti fà á ni ó dún. Yóò ta á ní èjìká gidi, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kéré, yóò sì rí igi náà kedere lẹ́yìn tí ó yìn ín tán. Kí baba rẹ̀ tó ki ẹyọ kan, òun ti yin mẹ́rin. Inú rẹ̀ yóò dùn títí yóò fi bèèrè iye tí wọ́n ń ta páálí kátíríìjì kan. Bí ó bá sì jẹ́ ajínigbé ni ó pàdé nínú igbó Òkè-Akò, kì í ṣe ìbọn tí ó tó ti ọ̀hún náà ni.

Nígbà tí àwọn gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ìbọn ni ó kọ́kọ́ di àríyànjiyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó sọ ọ́ ní gbangba pé bí wọ́n bá lè jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Kàtsínà gbé AK-47, kò yẹ kí wọ́n fi du Àmọ̀tẹ́kùn. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023, oṣù kan péré kí wọ́n tó pa àwọn ọba Èkìtì. Ilé aṣòfin Èkìtì lè ṣe òfin Àmọ̀tẹ́kùn, ó sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin ọdún 1999, níbi tí wọ́n to àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí sí, nọ́ńbà kejì ni ìbọn, ọta àti ẹ̀tù wà. Abuja ni ẹjọ́ náà wà títí di ìsinsìnyí.