Orúkọ Lára Ògiri: Ọ̀rọ̀ lórí Ilé Àwọn Ẹni Àná ní Isolo-Opin àti Agbègbè Rẹ̀

Nígbà tí Jóṣúà àti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, òkúta 12 ni wọ́n gbé láti inú odò wá sí Gílígálì, kí àwọn ọmọ tí a kò ì bí lè béèrè ìtumọ̀ wọn, kí àwọn baba sì ròyìn fún wọn. Iṣẹ́ yìí kan náà ni pátákó ìrántí tí a ń kàn mọ́ ara ilé ń ṣe: ó ń mú kí ẹni tí ń kọjá béèrè. A fẹ́ gbé e yẹ̀wò bí a ti lè ṣe irú rẹ̀ ní Isolo-Opin, ní Osi, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ní London, ní ọdún 1867, ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Society of Arts kan pátákó àkọ́kọ́ mọ́ ilé tí a bí akéwì Byron sí. Ní 1889 a wó ilé náà palẹ̀. Ní Èkó pẹ̀lú, ilé tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ní gbàgede Tinúbú, tí àwọn tí ó ti Bràsíìlì bọ̀ kọ́, ni Ìjọba fi sínú àwọn ilé ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀ a wó o ní ọjọ́ 11 oṣù September, 2016. Ṣùgbọ́n ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí Míṣọ́n C.M.S. parí ní Àgbádárìgì ní 1845 ṣì dúró, nítorí pé a ń tọ́jú rẹ̀. Láti inú èyí ni a ti mọ̀ pé orúkọ tí a kọ kì í gbé ògiri ró. Àwọn ènìyàn tí ó mọ iyì ilé ni í gbé e ró.

Agbègbè wa kò ṣàìní ẹni tí ó yẹ kí a rántí. Areogun, gbẹ́nàgbẹ́nà Osi, kú ní 1954; Bámigbóyè ti Òdò-Ọwá kú ní 1975. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní òkè òkun, nínú àwọn ilé tí a ń kó ohun iyebíye pamọ́ sí. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan lórí iṣẹ́ Bámigbóyè. Ó ha yẹ kí ọmọ Isolo-Opin ré òkun kọjá kí ó tó ka orúkọ aládùúgbò baba rẹ̀ bí?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ère òrìṣà ni àwọn wọ̀nyí gbẹ́, kí ni ó kan Ìjọ? Kí ó rántí pé ní 1947, nígbà tí àwọn Fadá Kevin Carroll àti O'Mahony ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé ọmọ Areogun wà lára wọn. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé Ọlọ́run. Òun náà ni ó kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́. Ọgbọ́n tí ó ti agbo ilé kan ní Osi jáde ni ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ni a bu ọlá fún, kì í ṣe ìbọ.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Òjò ni í pa ilé alámọ̀. Nítorí náà, níbi tí ògiri bá ti wó, kí a ri òkúta mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Kí a kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ ilé sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ òkúta ìrántí di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Kí a kọ orúkọ, iṣẹ́ àti ọdún, kìkì èyí tí ó dá wa lójú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà nísisìyí pẹ̀lú ìwé àti kálàmù; nítorí òkúta lè dúró de ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí ó mọ ohun tí a ó kọ sí i lára lè má dúró.