Ta Ló Kàn? Ìtàn Ètò Ìwòsàn Nínú Eré Ìjà Alájọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ àṣà kan tí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í sábà kà sí: bí àwọn tó ń ṣeré ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kọ́ láti pín iṣẹ́ ìwòsàn láàárín ara wọn, àti orúkọ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n ń pín. Láàárín òkè Dassa-Zoumè, níbi tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣeré yìí, èdè Ìdáàṣà la fi ń bú ara wa, Faransé la fi ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti gbóná, 'CD' ni gbogbo wa ń pariwo. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí fi borí Faransé tí a kọ́ nílé-ìwé àti Ìdáàṣà tí a bá lẹ́nu ìyá wa? Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ náà ti yí ìtumọ̀ padà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìmọ ìtàn náà, ohun mìíràn ni yóò túmọ̀.

Fún ẹni tí kò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí: ènìyàn 10, 25 tàbí 40 ló ń kóra jọ kojú abàmì ńlá kan. Ẹnì kan tàbí méjì ń dúró níwájú láti gba ìkọlù rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń bá a jà, àwọn tó kù jẹ́ oníwòsàn, tí kò ní í jẹ́ kí àwọn yòókù kú. Oníwòsàn ní àwọn ọfọ̀ kéékèèké tó lè pè léraléra, ó sì ní ọ̀kan tàbí méjì tó lágbára gan-an. Bó bá ti pe èyí tó lágbára, ó di lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó lè tún un pè. Ìdúró yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cooldown, tí wọ́n gé kúrú sí CD.

Inú EverQuest, tó jáde ní oṣù Kẹta 1999, ni ètò ìwòsàn ti kọ́kọ́ hàn gbangba sí mi. Ọfọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àlùfáà ń pè, Complete Healing lorúkọ rẹ̀. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni pípè rẹ̀ ń gbà, abàmì ńlá sì lè pa ẹni tó wà níwájú kí 10 yẹn tó pé. Ohun tí àwọn àlùfáà ṣe ni pé wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹnì kẹta á tẹ̀ lé e, títí yóò fi yípo padà. Kálukú ń kọ ọ́ síbi ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ẹgbẹ́ pé òun ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó kàn lè mọ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń pè é. Aago ni ẹ̀wọ̀n yìí ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọgbẹ́: bóyá ara ẹni iwájú le o, bóyá kò le, ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gígùn ọfọ̀ ló bí ètò náà, kì í ṣe ìdúró lẹ́yìn ọfọ̀. Ọ̀rọ̀ CD kò tíì níṣẹ́ níbí.

World of Warcraft dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá 2004, ó dé Yúróòpù ní oṣù Kejì 2005 pẹ̀lú ẹ̀dà Faransé. Nígbà náà, ọfọ̀ tó ní ìdúró gígùn jẹ́ ti ọjọ́ ìjàǹbá. Lay on Hands ti àwọn paladin, wákàtí 1 gbáko ni ìdúró rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pète ìjà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ńṣe ni wọ́n ń fi í pamọ́ bí owó abẹ́ ẹní.

Àárín 2010 sí 2011 ni nǹkan yí padà, lásìkò Cataclysm. Power Word: Barrier dé, Spirit Link Totem tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 3 ni ìdúró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wo ìjà Ultraxion, tó jáde ní ìparí 2011. Ìṣẹ́jú 6 ni ìjà náà ní. Bó bá pé tí abàmì náà kò tíì kú, gbogbo ẹgbẹ́ kú nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá ni ìkọlù rẹ̀ lórí gbogbo ẹgbẹ́ ń yára sí i: ìṣẹ́jú-àáyá 6 ló wà láàárín ìkọlù méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ìparí ó di 1. Ọgbọ́n-inú ẹni tí kò ṣírò ni kó fi ọfọ̀ ńlá rẹ̀ pamọ́ de ìgbà líle. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó ní ìṣẹ́jú 2 yóò tún rí i lò ní ìṣẹ́jú 5, nígbà tí nǹkan le jù. Ẹni tó bá fi pamọ́ di ìṣẹ́jú 4, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa lò ó. Bí oníwòsàn mẹ́ta bá sì jáyà tí wọ́n pe tiwọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, méjì ti ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí àwọn olórí ẹgbẹ́ fi ń ya tábìlì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀: ìkọlù kan ní ìlà kan, orúkọ ẹni tó ni ín níwájú rẹ̀. Nígbà tí Warcraft Logs dé ní 2013, wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ ìjà àná tún tábìlì tòní ṣe.

Inú tábìlì yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. 'CD ta ló kù?' 'Lo CD rẹ!' Ìdúró kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lò. Orúkọ ìdúró ti di orúkọ ọfọ̀ tí a ń dúró dè. Faransé kò lè bá a dé ibẹ̀, nítorí 'temps de recharge' tó wà lójú ẹ̀rọ kò kúrò lórí àkókò. N kò tíì gbọ́ ẹni tó ní kí wọ́n lo temps de recharge. Ní Benin ńkọ́, recharge tún ti di owó ìpè fóònù.

Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní ìtutù ní Yorùbá. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí a fi omi tútù tù lára ni a ń wò sàn. Ìwòsàn gan-an ni ìtutù yóò máa pè, kì í ṣe àìrí-ìwòsàn-lò. Ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa, Zoumè tó wà lórúkọ ìlú wa ni Fọ̀n fi túmọ̀ Igbó nínú Igbó Ìdáàṣà, ṣùgbọ́n igbó ṣì ni igbó níbẹ̀.

Èésú ni mo fọwọ́ sí. Samuel Johnson ti ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, William Bascom sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ẹni tó bá ti kó, ó di ìgbà tó bá yípo kó tó tún kó, kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ dídá, bí oníwòsàn ṣe ń pe ọfọ̀ kéékèèké lọ nígbà tó ń dúró. Ẹni tí ìnáwó bá ká mọ́ lè bẹ ẹlòmíràn kí wọ́n pààrọ̀ ìgbà, èyí tí ẹ̀wọ̀n EverQuest kò gbà. Òótọ́ ni pé ara ẹni là ń kó èésú fún, tí oníwòsàn sì ń pe ọfọ̀ fún ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo ń wá, mo sì rí méjì: kàn àti kó. 'Ta ló kàn?' 'Mo ti kó.' Ìdáhùn kejì yẹn ti sọ pé mo ti lò ó, pé n kò ní í lè lò ó báyìí, àti pé kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo ti ń dán an wò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Sílébù mẹ́ta ni 'mo ti kó', méjì ni 'CD'. Níbi tí ìkọlù ti ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, sílébù kan kì í ṣe nǹkan kékeré, nítorí náà mo rò pé CD yóò ṣì pẹ́ lẹ́nu wa bí orúkọ ọfọ̀. Ìdúró nìkan ni kíkàn àti kíkó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.