Lẹ́tà Márùn-ún Lábẹ́ Báàjì: Ìtàn Láísẹ́ǹsì Àwọn Awakọ̀ Ológun Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ẹ bá mi yọ ọ́ jáde nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín sílẹ̀ níbi tó wà. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ óò wò ó.

Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà ni, ẹ máa rí lẹ́tà kan lára rẹ̀. A ni ti alùpùpù. F ni ti katakata àti ẹ̀rọ oko. G ni ti tírélà. H ni ti àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń wú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò wo lẹ́tà yẹn rí. Èmi náà ò wò ó, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún ètò tòní.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Tàwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, 1942, tí Ogun Àgbáyé Kejì ń gbóná lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí báàjì kan fún àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì iṣẹ́ ológun. Àgbélébùú kékeré ni, àwòrán táyà wà láàárín rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń so irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́, lẹ́tà sì wà lára irin náà. W ni ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ táyà. T ni ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń fi ṣéènì irin rìn, bíi táǹkì ogun. M, alùpùpù. A, ọkọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó tún ń wẹdò. S ni ti àwọn ẹ̀rọ àkànṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù tàbí la ọ̀nà. Mẹkáníìkì ní irin tirẹ̀, tí kò ní lẹ́tà. Kó o tó lè fi báàjì yìí sáyà, wàá ti wakọ̀ fún odindi oṣù méjìlá, tàbí kó o ti rin máìlì 8,000 ó kéré tán, láìsí ìjàǹbá kankan àti láìrú òfin ojú pópó.

Ohun tó wù mí nínú báàjì yìí ni pé kò sọ pé ẹni yìí mọ ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà ló ń sọ.

Kí ló gbé wọn dé ibẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1903 ni ìpínlẹ̀ Massachusetts àti Missouri kọ́kọ́ ní kí awakọ̀ gba láísẹ́ǹsì. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì kánjú rárá. South Dakota ló gbẹ̀yìn, ìyẹn ò sì ṣe é títí di 1954. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ iṣẹ́ ológun tó sì ní òun mọ ọkọ̀ wà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́ keje oṣù Keje, 1919 ni ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbogbo ayé. Ọkọ̀ ológun 81 gbéra ní Washington, wọ́n dorí kọ San Francisco. Máìlì 3,251 ni. Ọjọ́ 62 ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ṣírò kìkì wákàtí tí wọ́n fi rìn, kò pé máìlì mẹ́fà ní wákàtí kan. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀nà burú. Afárá ń wó lábẹ́ wọn, ọkọ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀ àti yanrìn. Ọ̀gá ológun kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 28, Dwight Eisenhower lorúkọ rẹ̀, ẹni tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tó kọ àbọ̀ ìròyìn rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Yàtọ̀ sí ọ̀nà, ó ní àwọn awakọ̀ fúnra wọn ò ní ìrírí tó.

Ká sọ tòótọ́, ọkọ̀ kan ò jọ ìkejì. Ẹ mú táǹkì Sherman tí wọ́n lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Kò ní sítíárín. Irin méjì ló wà níwájú awakọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó o bá fa tòsì, ṣéènì apá òsì á dẹwọ́, táǹkì á sì yí sápá òsì. Táǹkì Abrams tí wọ́n ń lò lóde òní tún yàtọ̀ pátápátá. Ńṣe ni awakọ̀ máa fẹ̀yìn tì bí ẹni tó jókòó sórí àga bábà, ohun tó sì dì mú dà bí ọwọ́ ọ̀kadà: ibẹ̀ náà ló ti ń lọ́ iná fún un. Ẹ̀rọ tó wúwo ju 60 tọ́ọ̀nù lọ, tí wọ́n ń darí bí ọ̀kadà! Ẹ tún wo DUKW, ọkọ̀ lẹ́tà A. Lọ́rí GMC ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá kọ́ ara ọkọ̀ ojú omi yí i ká. Awakọ̀ rẹ̀ lè dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù láti orí ìjókòó rẹ̀ kó lè gba orí yanrìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti wà lójú omi, ó ń bá ìgbì fà á. Ta ló máa sọ pé láísẹ́ǹsì kan náà ló yẹ kí awakọ̀ Sherman àti awakọ̀ DUKW gbà?

Títí dòní, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá ẹ̀ka rẹ ló máa kọ́kọ́ yàn ọ́. Wọ́n á wo ìwé rẹ bóyá o ti ní ìjàǹbá rí, wọ́n á wo ojú rẹ. O máa jókòó sí kíláàsì, o máa kọ ìdánwò, lẹ́yìn náà ni olùdánwò máa bá ọ jókòó nínú ọkọ̀, tí ẹ óò jọ jáde. Orúkọ ọkọ̀ tí o yege lórí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sínú káàdì rẹ. Bí wọ́n bá gbé oríṣi lọ́rí mìíràn dé lọ́la, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni. Fífi awò àkànṣe wakọ̀ nínú òkùnkùn láìtan iná ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Pé o ti ń wa Honda rẹ láti ọdún mẹ́wàá ò kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọkọ̀ nìkan. Jẹnẹrétọ̀ náà ń gba láísẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ ni, jẹnẹrétọ̀! Èmi tí mo ti ń fa okùn "I-pass-my-neighbour" láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan tiwọn láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú káàdì mi. Bí ọkọ̀ ńlá bá sì ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ọgbà ọkọ̀, dandan ni kí ẹnì kan wà nílẹ̀ tó ń fọwọ́ júwe fún awakọ̀. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ mọ iṣẹ́ yẹn: kọ́ńdọ̀ tó ń pariwo "máa bọ̀, máa bọ̀" ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin ló sọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tó ká mi lára jù nínú ìtàn yìí.

Ní oṣù Kẹjọ, 1944, ogun ti lé àwọn Jámánì kúrò ní Normandy. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sáré wọ inú ilẹ̀ Faransé débi pé epo àti oúnjẹ ò bá wọn mọ́. Kò sí ojú irin tó ṣeé lò, torí ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti ju bọ́ǹbù bà á jẹ́ kí ogun tó débẹ̀. Lọ́rí ló kù. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ni wọ́n dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Red Ball Express. Wọ́n ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀; ọkọ̀ ará ìlú ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Nígbà tó le jù, ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000. Òfin ní kí wọ́n má sá ju máìlì 25 lọ ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n fi sínú ẹ́ńjìnnì láti dín eré kù, àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń tú u kúrò. Títí di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá tí iṣẹ́ náà parí, ẹrù tí wọ́n kó lé ní 400,000 tọ́ọ̀nù.

Bí a bá kó awakọ̀ mẹ́rin jọ nínú wọn, mẹ́ta ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ràn wọn ni. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn aláwọ̀ funfun yàtọ̀ sí ti àwọn dúdú, iṣẹ́ ẹrù àti iṣẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ àwọn dúdú ṣe. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ yẹn dópin.

Ogun parí, wọ́n padà sílé. Lójú tèmi, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ akẹ́rù máa du irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ T.I.M.E.-D.C. Ní 1971, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn tó wà lọ́dọ̀ wọn jẹ́ 1,828. Ẹ̀yin náà ẹ fojú díwọ̀n iye àwọn dúdú tó wà nínú wọn. Mẹ́jọ. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yẹn náà, ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó gbà wọ́n. Iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ló ń mówó wọlé jù. Iṣẹ́ ìgboro àti àbójútó ọkọ̀, tí owó rẹ̀ kéré, ni wọ́n ń fún àwọn dúdú. Mi ò sọ pé awakọ̀ Red Ball kan lọ bá wọn wáṣẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè tó gbà pé wọ́n mọ ọkọ̀ wà nígbà tí ìbọn ń dún ní Faransé, òun náà ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1977. Wọ́n gbà pé ilé iṣẹ́ náà ṣe ojúsàájú. Àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan òfin ta ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń lò, nítorí náà, àwọn tí wọ́n ti rẹ́ jẹ kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1964 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ òfo ni wọ́n padà lọ.

Nígbà yẹn, àwọ̀ ara ni ìdènà. Nígbà tó yá, ìwé náà di ìdènà, ẹni yòówù kó o jẹ́.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé gbogbo ẹni tó bá ń wa tírélà tàbí bọ́ọ̀sì ńlá gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì àkànṣe tí wọ́n ń pè ní CDL. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, 1992 ló di dandan. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa tírélà ní Texas ní ìdánwò bíréèkì afẹ́fẹ́ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé òun padà sílé. Àmọ́ òfin yẹn yọ àwọn ṣọ́jà sílẹ̀: bí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, o lè gbé táǹkì Abrams sórí tírélà M1070, kó o gba ojú títì márosẹ̀ kọjá, láìní CDL. Káàdì ológun rẹ ti tó. Lọ́jọ́ tó o bá bọ́ aṣọ ṣọ́jà sílẹ̀, káàdì yẹn ti di ìwé lásán. O ò lè fi gbé búrẹ́dì láti ìlú kan sí èkejì nínú tírélà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tààrà. Láti 2009 títí di 2016, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tó ń jẹ́ MAVNI, tó ń gba àwọn àjèjì tó wà níbẹ̀ lọ́nà òfin bí wọ́n bá gbọ́ àwọn èdè kan. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Hausa àti Igbo náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú kò lè ṣe iṣẹ́ tó la àṣírí ìjọba lọ, àmọ́ awakọ̀ ẹrù, tí wọ́n ń pè ní 88M, kò béèrè irú ìyẹn.

Ọdún 2011 ni ìjọba tó gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ yọ ìdánwò ojú ọ̀nà kúrò fún ṣọ́jà tó bá ti wa irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì láìsí ìjàǹbá. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ló ní láti fi béèrè lẹ́yìn tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2016, wọ́n sọ ọ́ di ọdún kan. Ní 2018, wọ́n gbà kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ yọ ìdánwò kíkọ náà kúrò. Ọdún 76 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ so W mọ́ àyà ṣọ́jà àti ìgbà tí ìpínlẹ̀ lè gba káàdì rẹ̀ dípò ìdánwò méjèèjì.

Àmọ́ o, ọkọ̀ tó o wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun gbọ́dọ̀ jọ èyí tó o fẹ́ wà níta. Ẹni tó bá ní lẹ́tà W, tó sì ti wa irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, lè gbé káàdì rẹ̀ dé kọ́ńtà kí wọ́n sì fún un ní CDL. Ẹni tó bá ní T, tó ti fi ọdún mẹ́rin wa táǹkì tó wúwo ju 60 tọ́ọ̀nù lọ, á gba fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́, á sì bọ́ sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó kù.