Ilé epo Soulsby: ilé epo ìdílé kan tí wọn ò jẹ́ kó pa rẹ́ lójú ọ̀nà Route 66

Ilé epo Soulsby wà ní Mount Olive, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn ilé epo tó pẹ́ jù tó ṣì wà ní ìdúró ní Illinois lójú ọ̀nà Route 66, òpópónà àtijọ́ tó ti Chicago lọ dé Santa Monica ní California.

Awakùsà ni Henry Soulsby tó kọ́ ọ, bíi ti bàbá rẹ̀. Nígbà tó fara pa, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ pé ọ̀nà tuntun máa gba Mount Olive kọjá, ló bá kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, ó fi ra ilẹ̀ méjì. Ọdún 1926 ló kọ́ ilé epo náà, ọdún yẹn gan-an ni Route 66 gba nọ́ńbà rẹ̀.

Nígbà tí Henry fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀, Russell tó jẹ́ ọkùnrin àti Ola tó jẹ́ obìnrin, ló ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn méjèèjì ló ń fa epo fún oníbàárà, tí wọ́n ń yẹ ọ́ìlì wò, tí wọ́n sì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Russell ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó dé, ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe nínú ilé epo yẹn kan náà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, márosẹ̀ I-55 bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ mọ́ Route 66 lọ́wọ́. Ilé epo náà wá jìnnà tó nǹkan bíi máìlì kan sí ibi tí mọ́tò ń gbà. Síbẹ̀, wọn ò tì í. Ọdún 1991 ni wọ́n dáwọ́ epo títà dúró, ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń tà fáwọn àlejò títí di 1993 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.

Ní 1997, aládùúgbò wọn kan ló rà á. Nígbà tí Russell kú ní 1999, abẹ́ òrùlé ibi tí ọkọ̀ ti ń ra epo ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà lọ sí itẹ́.

Ní 2003 ni ẹni tó rà á àtàwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ní 2004, ó wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ibi ìtàn.