Ta Ni Ó Ń Dán Ta Wò? Ìtàn Àròjinlẹ̀ àti Ìdánwò Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 1882–2025

1.0 Ìfáàrà

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè jáde ní ọdún 1977, ọ̀kan nínú àwọn èròńgbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ìrònú onísáyẹ́ǹsì àti ìrònú àròjinlẹ̀. Èròńgbà yìí dára púpọ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gba máàkì lé lórí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, a ó rí i pé ohun tí ó há sórí ni a ń dá a lọ́lá fún jù, kì í ṣe ohun tí ó rò. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí fẹ́ tọpa nínú ìtàn.

Ohun tí a pè ní àròjinlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni agbára láti yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á, láti béèrè ẹ̀rí, láti ya ohun tí ó tẹ̀lé ara wọn sọ́tọ̀ sí ohun tí ó fa ara wọn, àti láti yí èrò padà bí ẹ̀rí bá yí. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ nìkan kọ́ ni èyí, ọ̀rọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pẹ̀lú, nítorí pé ìbéèrè kò lè wáyé láìsí èdè, ìdáhùn pẹ̀lú kò sì lè ṣe é ṣe láìsí i.

2.0 Ìmọ̀, Ìgbàgbọ́ àti Ìdánwò nínú Èdè Yorùbá

Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Láti ara ‘dán...wò’ ni a ti ṣẹ̀dá ìdánwò. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń là sí méjì tí àbọ̀ sì ń wà láàárín ni: a ń dán oògùn wò, a ń dán ọkọ́ tuntun wò lóko, a sì ń dán ọ̀nà tí a kò mọ̀ wò. Nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, ẹni tí ó fẹ́ mọ nǹkan ni olùwà, ohun tí ó fẹ́ mọ̀ sì ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lò, ipò yí padà. Ọmọ tí ó wá ìmọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ di àbọ̀. Òun ni a ń dán wò. Bí a tilẹ̀ sọ pé ó ‘ṣe ìdánwò’, kò sí ohunkóhun tí òun fúnra rẹ̀ dán wò níbẹ̀.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Wọ́n fi hàn pé àwọn àgbà wọ̀nyí ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ sí ìgbàgbọ́ gédégédé. Ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ó sì dá a lójú. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà ni ìgbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí ‘gbà’ àti ‘gbọ́’ ti fi hàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá tẹ̀lé ìpín yìí, púpọ̀ nínú ohun tí à ń kọ́ láti inú ìwé ni yóò wà ní ìpele ìgbàgbọ́ títí tí a ó fi rí ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò yẹ kí a wá tìtorí èyí sọ pé kò sí àkọ́sórí nínú ẹ̀kọ́ àbáláyé. Ọmọ awo a máa há ẹsẹ Ifá sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlọ́ àpamọ̀ pàápàá, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìrònú, ní ìdáhùn tí àwùjọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ti gbọ́ ọ rí kò nílò láti ronú mọ́. Ibi tí àròjinlẹ̀ ti hàn gbangba ni ìgbẹ́jọ́ láàárín agbo ilé, níbi tí àgbà ti ń gbọ́ ẹnu tọ̀tún tòsì kí ó tó dá ẹjọ́, àti ìlò òwe, níbi tí olùgbọ́ ti ní láti fúnra rẹ̀ so òwe mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Iṣẹ́ ìrònú tí ń sọ àbọ̀ di odindi yìí ni a kò ráyè dán wò nílé-ẹ̀kọ́.

3.0 Owó Lórí Èsì: Òfin Ọdún 1882

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 1881, Edward Wilmot Blyden sọ ọ̀rọ̀ ìfilọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Liberia College ní Monrovia. Ó ṣàríwísí ẹ̀kọ́ tí ń sọ ọmọ Áfíríkà di aṣàfarawé, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n fi èdè Lárúbáwá àti àwọn èdè ilẹ̀ náà kún ohun tí a ń kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ìjọba amúnisìn gbà.

Ní ọdún 1882, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ètò ẹ̀kọ́ tí ó kan àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Èkó àti Gold Coast. Nínú òfin yìí ni wọ́n ti so owó ìrànwọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú àṣà náà wá. Robert Lowe ni ó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1862. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ a wá, a ní kí ọmọ kàwé, kí ó kọ̀wé, kí ó ṣe ìṣirò. Iye tí ó bá yege ni a fi ń pinnu iye owó tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà. Matthew Arnold, tí òun náà jẹ́ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kìlọ̀ léraléra nínú àwọn ìròyìn rẹ̀ pé àṣà náà ń sọ ẹ̀kọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ohun méjì ni òfin yìí fi sílẹ̀ fún wa. Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì ni kíkà tí ó ń mú owó wá, bẹ́ẹ̀ ìwé Yorùbá ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Samuel Ajayi Crowther ti ṣe àkójọ-ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1843. Èkejì, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ rọ̀ mọ́ ohun tí alábòójútó yóò béèrè ní ọjọ́ kan kò ní ìdí láti kọ́ ọmọ ní ohun tí alábòójútó kò lè kà ní kíákíá. Àròjinlẹ̀ sì wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ ìgbà náà kò mọ iṣẹ́. Ètò ìsanwó ni ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò kọ́ni.

4.0 Láti Cambridge dé WAEC

Kí ó tó di ọdún 1952, àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá Cambridge, ni wọ́n ń ṣètò ìdánwò àṣejáde fún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Ní ọdún 1950, George Barker Jeffery kọ ìròyìn tí ó dá a lábàá pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àjọ ìdánwò tirẹ̀. Àbá náà ni ó bí WAEC ní ọdún 1952 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Liberia dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1974. Àṣeyọrí ńlá ni èyí, nítorí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí wá ń pinnu ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1956, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde tí ó pín èròńgbà ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́fà: ìrántí, àgbọ́yé, ìmúlò, ìtúpalẹ̀, ìṣàkópọ̀ àti ìdíyelé. Ìpín yìí tàn dé àwọn yàrá ìkọ́ni-níṣẹ́-olùkọ́ jákèjádò ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i, ìbéèrè tí a ti to ìdáhùn mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan ń gbilẹ̀ sí i. Irú ìbéèrè yìí nìkan ni JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ń lò fún àṣewọlé yunifásítì ní Nàìjíríà. A kò sọ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè wádìí àròjinlẹ̀. Ó lè ṣe é bí a bá fara balẹ̀ kọ ọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìdí tirẹ̀ kalẹ̀, tàbí kí ó béèrè bóyá ìbéèrè náà gún régé.

Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ èdè. WAEC ń ṣe ìdánwò nínú Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti àwọn èdè ilẹ̀ wa mìíràn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè wọn. Nígbà tí ọmọ bá kùnà nínú wọn, a kì í sábà mọ̀ bóyá ìrònú rẹ̀ ni ó kùnà tàbí èdè ni ó dínà mọ́ ọn.

5.0 Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀, 1970–1978

Ìbéèrè yìí gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1970 gbìyànjú láti dáhùn. Babs Fafunwa ni aṣáájú rẹ̀, Ford Foundation sì ṣe ìrànwọ́ owó. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ kejì, tí a fi ń wé wọn, gba ẹ̀kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ìwé ní ọdún 1989, ni pé àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Ó tọ́ kí a bi ìwádìí yìí pàápàá ní ìbéèrè. Ǹjẹ́ èdè nìkan ni ó ṣiṣẹ́ ni, tàbí ìwé tuntun àti olùkọ́ tí a kọ́ ní àkọ́túnkọ́ bá a lọ́wọ́? Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀sí sí àwọn aṣáájú wa. Òun ni àròjinlẹ̀ tí à ń sọ. Èyí tí kò ṣeé jiyàn ni pé láti lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún èrò tí kò tíì ní orúkọ, ọmọ sì lè fi èdè tí ó gbọ́ yékéyéké bi olùkọ́ pé, “Kí ló dé?” Ní ọdún 1970 kan náà ni Rivers Readers Project, tí Kay Williamson kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé kíkà ní àwọn èdè kéékèèké ìpínlẹ̀ Rivers.

6.0 Ìlànà Ọdún 2022 àti Ìfagilé Rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé a ti fagi lé e. Ìdí pàtàkì tí ó mú wá ni pé ìkùnà pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gánà, Haruna Iddrisu, ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ni. Orílẹ̀-èdè méjì, àjọ ìdánwò kan, ìpinnu tí ó kọjú sí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ìdí yìí wò. Àgbẹ̀ kan sọ pé oògùn tí òun fọ́n ni ó mú kí àgbàdo òun so dáadáa lọ́dún yìí. Òjò sì rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà. Kí ni a ní láti ṣe kí a tó gbà pé oògùn ni? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a fi èdè rẹ̀ bi ní ìbéèrè yìí yóò sọ pé kí a fọ́n ọn sí apá kan oko kí a má sì fọ́n ọn sí apá kejì. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìlànà náà. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìlànà ọdún 2022 kò tíì parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025. Àwọn tí ó jókòó fún WAEC ní ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí ọdún 2013. Èsì wọn kò lè jẹ́rìí lé ìlànà náà lórí. Bí ó bá sì jẹ́ ìlò èdè abínibí ti ìgbà àtijọ́ ni a ń sọ, a ní láti kọ́kọ́ ya òṣì, àìrí olùkọ́ tó àti ìdíwọ́ ààbò sọ́tọ̀, kí a sì rántí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò náà fúnra rẹ̀ fi béèrè. Ó lè jẹ́ pé ìlànà náà ní àbùkù ní ti ìwé àti olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a mú wá kọ́ ni yóò fi í hàn.

Ilẹ̀ Guinea ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Lábẹ́ Sékou Touré, wọ́n fi èdè ilẹ̀ wọn kọ́ni láti ọdún 1968. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1984, wọ́n padà sí Faransé. Àyípadà ìjọba ni ó dá ẹjọ́ náà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọ́ka sí i pé láti ọdún 1882 ni èsì ìdánwò ti ń pinnu ohun tí a ń kọ́ni, àti pé ìbéèrè tí ó rọrùn láti kà ni ó máa ń borí. A tún fi hàn pé ìjọba pàápàá lè lo èsì náà ní ọ̀nà tí kò bá àròjinlẹ̀ mu. Iṣẹ́ méjì ni ó kù sí ọwọ́ àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Àkọ́kọ́, a ti ṣiṣẹ́ takuntakun lórí èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ó tó àkókò kí a fi irú akitiyan kan náà sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìbéèrè: ṣàlàyé, jíròrò, túpalẹ̀, gbèjà, takò. Bí olùkọ́ àti olùmáàkì kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ‘ṣàlàyé’ àti ‘jíròrò’, ìrántí nìkan ni wọn yóò máa rí fún ní máàkì. Èkejì, kí àwọn akẹgbẹ́ wa ní Gánà àti Nàìjíríà jọ kọ ìbéèrè kan náà ní èdè abínibí àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a fi bi àwọn ọmọ kan náà, kí a lè mọ èwo ni àìlóye, èwo sì ni àìgbédè. Ìdánwò tí a ó dán ìdánwò wò nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ dúró de ìkéde mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.